Jalamíà Mi Di Ìfun

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá 2024

Hàmdálátù mi, Tíṣà mi, ọjọ́ kọkànlélógójì rèé tí o ti fi mí sílẹ̀. A ṣe àdúà ogójì ọjọ́ lánàá. Èrò ti túká. Raqeebah ọmọ wa ti padà sílé ọkọ rẹ̀ ní Ìlọrin. Ó ní bí mi ò bá lè bá èèyàn sọ̀rọ̀, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí ìwé kan nínú báàgì iṣẹ́ rẹ tí o kò tíì kọ nǹkan kan sí. Òun ni mò ń kọ yìí.

Oúnjẹ ò wọlé. Ẹ̀kọ mímu, ìlàjì ife.

Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀gá ilé ìwé yín, Ìyáàfin Ọláníyọnu, wá bá mi ní ìsọ̀ obì. Ó ní, "Bàbá Raqeebah, ẹ má bínú o. Ìyàwó yín ń rán ohun kan fún ẹ̀kọ́ nípa ikùn, ti àwọn ọmọ Ìwé Karùn-ún. Ọjọ́ kọkànlélógún la máa kọ́ wọn. Ṣé ó parí ẹ̀?" Bí kò bá parí, òun á ra àwòrán gbé kọ́ ògiri.

Mo ní ó ku díẹ̀. Irọ́ ni. Mi ò mọ ohun tó ń sọ.

Mo wá a dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wà nínú ọ̀rá dúdú. Épírọ̀nù funfun kan. Gbogbo ohun inú ikùn ni o fi aṣọ rán, o ki òwú sínú wọn: ọ̀nà ọ̀fun, àpòlúkù, ẹ̀dọ̀ki, òróòro kékeré bí ọmọ ìka, ìfun ńlá. Ihò bọ́tìnnì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ lè máa tú u, kí wọ́n máa dá a padà. O ò tíì rán àwọn bọ́tìnnì mọ́ épírọ̀nù. Ìfun kékeré nìkan ni kò sí. Bébà kan wà níbẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ:

"Ìfun kékeré — ogún ẹsẹ̀ bàtà. Jalamíà Ṣẹ̀rífù, èyí tó jẹ́ píǹkì. Kó má tíì mọ̀."

Tíṣà! Jalamíà tèmi! Ọjọ́ tí mo ra jalamíà yẹn lo ti ní, "Alóbì, aṣọ aláwọ̀ ìfun wo lo rà wálé yìí?" Mo rò pé yẹ̀yẹ́ lásán ni. O ti ń fojú wọ̀n ọ́n ni.

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan, lórí ilẹ̀.

Àlàmísì, 10 Oṣù Kẹwàá

Mi ò lè gé e. Ìwọ lo lọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Ìlà áyọ́ọ̀nù rẹ ṣì wà lápá rẹ̀.

Jímọ̀, 11 Oṣù Kẹwàá

Aṣọ mìíràn ni mo wọ̀ lọ kírun. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Àìkú, 13 Oṣù Kẹwàá

Màmá rẹ wá láti Ofin, wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ wá. Mo jẹ ṣíbí méjì. Wọ́n ń wò mí.

Wọ́n rí àwọn aṣọ náà lórí tábìlì. Wọ́n mú ẹ̀dọ̀ki, wọ́n yí i padà. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ìró mi nìyí! Ìró tí mo wá títí! Mo ti ní Fàdìlàt ló jí i!" Kò sí irú èébú tí wọn ò bú Fàdìlàt àbúrò rẹ nígbà náà, àbí o rántí? O jókòó síbẹ̀, o ń bá wọn wá a. Ojú rẹ ò tiẹ̀ tì ọ́.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá fi ẹ̀dọ̀ki náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo fi bébà rẹ hàn wọ́n. Mo ní mi ò lè gé jalamíà yẹn. Wọ́n ní, "Ó ti gé tèmi ná. Tìrẹ ló kù. Mú sísọ́ọ̀sì wá."

Mo gba orí ìlà áyọ́ọ̀nù rẹ gé e. Ó tọ́ bí ẹni pé o fà á sílẹ̀ fún mi ni.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹwàá

Ogún ẹsẹ̀ bàtà kì í ṣe eré. Láti pálọ̀ dé ẹnu kíṣìnnì. Mo rán àwọn bọ́tìnnì náà mọ́ épírọ̀nù. Abẹ́rẹ́ gún mi níka mẹ́ta.

Ojú épírọ̀nù ò gba ìfun náà. Mo ká a, ó tú. Mo tún un ká, ó yọ sílẹ̀ — Ejò, mo ti sọ ọ́ lórúkọ. Mo wá ronú: bí obì bá pọ̀ ju apẹ̀rẹ̀ lọ ńkọ́? A kì í jù ú sínú ẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ la ti ń tò ó bọ̀ wá sáàárín, ìpele lé ìpele, láì fi àlàfo sílẹ̀. Mo to Ejò bí ẹni to gbánja. Gbogbo rẹ̀ wọlé!

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń to obì. O ò sọ fún mi rí pé apẹ̀rẹ̀ kan wà nínú mi tí wọ́n ti tò kí n tó dé ayé.

Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kẹwàá

Màmá tún wá. Mo so épírọ̀nù, mo dúró bí ọkọ ìyàwó.

"Ẹ̀dọ̀ki ẹ ti kó kúrò nílé," wọ́n ní.

Mo ní bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn, ọwọ́ òsì. Mo ṣí ìwé alàwòrán tí o fi ń kọ́ àwọn ọmọ, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Inú àgbò Iléyá mélòó ni mo ti fọ̀? Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ki ń gbé." Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé mi láyà, àwòrán kọjú síta. "Ó yá, wo ọwọ́ ẹ."

Ọ̀tún. Ẹni inú àwòrán dojú kọ mí ni, èmi sì ti so épírọ̀nù mọ́ra, mo ń fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ lé e. Mo tú gbogbo bọ́tìnnì, mo tún wọn rán. Ẹ̀dọ̀ki, òróòro, àpòlúkù — gbogbo wọn kó padà sílé.

Gbogbo Iléyá lo máa ń jókòó ti báàfù, tí wàá máa fi ìfun àgbò kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò. Èmi á máa bèèrè ìgbà tí ẹran á jinná. Ìbá ṣe pé mo ti sún mọ́ ọ díẹ̀ sí i.

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Kẹwàá

Ìyáàfin Ọláníyọnu ní, "Ẹ̀yin lẹ rán an, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ so ó." Èmi! Ọmọ mẹ́tàlélógójì dìde: "Ẹ káàárọ̀, sà!" Mo dá wọn lóhùn.

Mo ní obì ni mò ń tà, èmi kì í ṣe tíṣà. Mo mú àkàrà kan dání, mo ní ká máa bá a lọ síbi tó ń lọ. Ẹnu. Ọ̀fun. Àpòlúkù. Nígbà tó kan Ejò, mo tú u, mo ní kí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mofẹ́olúwa di orí rẹ̀ mú kó máa lọ. Ó lọ, ó lọ, ó jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ariwo sọ!

Ó sáré padà, ó fọwọ́ tẹ ikùn. "Sà, gbogbo eléyìí ló wà nínú mi?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ta ló rán an?"

Mo ní Tíṣà yín ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Mo ń ká Ejò padà. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ikùn mi ti kùn — ó kùn, ó gùn, gbogbo kíláàsì gbọ́. Láti ọjọ́ tí o ti lọ, kò dún rí.

"Sà, ìfun yín ń pè yín!" Mofẹ́olúwa náà ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín in. Mo wá jẹ àkàrà ẹ̀kọ́ náà tán níwájú wọn. Ó tutù. Ó dùn.

Ìyáàfin bi mí bóyá màá wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo ti fọ épírọ̀nù náà, ó wà lórí okùn. Bó bá gbẹ, màá lọ̀ ọ́. Lọ́dọọdún, Tíṣà mi, màá máa so ó lọ bá wọn. Màá sì máa jẹun kí n tó lọ.