Ọmọ Mi Jẹ́wọ́, Wọ́n Pàtẹ́wọ́ fún Un

Èmi ni mo pa ọmọ mi lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ báyìí kí n má baà yí i po, torí láti àárọ̀ ni mo ti ń kọ ọ́ tí mo ń ya á dànù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù... ẹ má tíì bú mi, ẹ gbọ́ ọ tán ná.

Ìbàfò ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń rán. Bàbá ọmọ mi ti kú, ọmọ kan ṣoṣo náà ni mo bí, ẹ jẹ́ ká pè é ní Dàpọ̀. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń kọ́ ní Mówè, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tí màá pè ní Múyìídé. Abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ìfọ̀ ni ìyá Múyìídé ń gbé, gàrí ló ń tà, àwọn ọmọ wa ló sọ àwa náà di ọ̀rẹ́. Mùsùlùmí ni, àmọ́ kò sí ọdún Iléyá tí ẹran ẹ̀ kì í dé ilé mi.

Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ lèmi náà mọ̀ nígbà yẹn... pé Múyìídé gbé mọ́tò oníbàárà jáde nígbà tí ọ̀gá wọn ò sí níbẹ̀, pé ó gbá bàbá kan tó ń sọdá express, ó sì sá. Àwọn tó lé mọ́tò náà bá a níbi tó ti ń fomi fọ iwájú ẹ̀. Wọ́n lù ú lálùbami, wọ́n fà á fún ọlọ́pàá. Bàbá yẹn kú. Wọ́n ń sún ẹjọ́ síwájú, Múyìídé ń bẹ lẹ́wọ̀n. Látìgbà náà ni Dàpọ̀ ò ti lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Kì í jẹun, kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ń dùn ún. Èmi ni mo fà á lọ sí drama group ṣọ́ọ̀ṣì wa, kó lè rí ẹgbẹ́ ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín.

Eré tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́dún Àjíǹde yẹn dá lórí ọmọkùnrin kan tó fi májèlé pa ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nítorí ogún. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń jó, ó ń fi gbogbo ayé ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó yá, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ mọ́, ohùn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn, títí tó fi kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ fún ìyá wọn. Dàpọ̀ ni wọ́n ní kó ṣe ọmọ náà. Ní rehearsal àkọ́kọ́, kò lè gbójú sókè. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ló ń sọ. Tíṣà tó ń kọ́ wọn léré ní gift ni, ó ní ọmọ yìí á dé orí tẹlifíṣọ̀n. Inú mi dùn! Èmi ni mo rán aṣọ tó wọ̀. Ṣé ìyá gidi nìyẹn?

Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìfọ̀ wá ní kí wọ́n bá àwọn ṣe é. Èmi, pẹ̀lú ẹnu ara mi, ni mo pe Ìyá Múyìídé kó wá wò ó, kára ẹ̀ lè yá díẹ̀. Ó jókòó tì mí níwájú. Nígbà tó kan ibi ìjẹ́wọ́, ọmọbìnrin tó ń ṣe ìyá ti dúró de Dàpọ̀ lórí pèpéle... Dàpọ̀ ò lọ bá a. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Ìyá Múyìídé, ó di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú. "Ìyá, èmi ni. Èmi ni mo ṣe é. Ọmọ yín ò mọ nǹkan kan." Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń hó. Ìyá Múyìídé ń sunkún, ó gbọ́wọ́ lé e lórí. "Dìde, ọmọ mi, Ọlọ́hun á foríjì ẹ́. Ká ní ẹni tó ṣe tèmi lè ní ọkàn báyìí..." Ó wá yíjú sí mi. "Ìyá Dàpọ̀, o bímọ o."

Ìgbà tá a délé ló tó sọ fún mi. Òun ló wa mọ́tò náà. Òun ló gbé e padà síbi iṣẹ́ tó sá wálé, tó ní inú ń run òun. Múyìídé ti ibi tí wọ́n rán an dé, ó rí ẹ̀jẹ̀ lára mọ́tò, ó rò pé ẹran ni wọ́n gbá, ló bá bu omi... Dàpọ̀ ní, "Mọ́mì, mo jẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi." Ó ní tílẹ̀ bá mọ́, òun ń lọ bá ọlọ́pàá. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí àyà. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí, mo fi ọmú tó mu bẹ̀ ẹ́. Mo ní wọ́n máa tó tú Múyìídé sílẹ̀, kí ló dé tá a máa pàdánù ẹni méjì? Mo ní kó ní sùúrù di ìgbà tí wọ́n bá tún pe ẹjọ́. Ó gbọ́ tèmi.

Wọn ò tíì pe ẹjọ́ náà tí àìsàn fi mú Múyìídé lẹ́wọ̀n. Ó kú síbẹ̀. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Orí sùúrù tí mo ní kí ọmọ mi ní ló kú sí.

Mo ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu báyìí, Dàpọ̀ ò lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá mi sọ ni pé, ta ni òun fẹ́ lọ gbà sílẹ̀? Ní Ìfọ̀, wọ́n ń pe Ìyá Múyìídé ní ìyá apààyàn, àwọn mìíràn ò ra gàrí lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Lánàá, ó gbọ́ pé ara Dàpọ̀ ò yá, ó wá kí wa. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ó ń bó ọsàn fún un, ó ní òun ò ní ọmọkùnrin mìíràn mọ́ àfi Dàpọ̀. Dàpọ̀ kọjú sí ògiri. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi... mo gbé e mì.

Tí mo bá sọ ọ́, Múyìídé ò ní jí, wọ́n á wá mú èyí tó kù lọ. Tí mi ò bá sọ ọ́, ọmọ ọlọ́mọ á máa jẹ́ apààyàn nínú sàréè, ìyá ẹ̀ á sì máa ṣàdúà fún àwa. Ṣé ìyá lè gbọ́ irú ẹ̀ kó má kú? Ṣé èmi ni kí n sọ ọ́ àbí ẹni tó ṣe é? Ìyá Múyìídé ní òun ń padà bọ̀ wá wo ọmọ òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, tó bá tún kan ilẹ̀kùn mi, kí ni kí n sọ fún un?