Màámi, Ẹja Fìdáù Baba Ń Jó

Màámi,

Ẹ má bínú pé ìwé lẹ bá lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín. Ìrun àsùbáà lẹ ń kí lọ́wọ́ nígbà tí mo wá, n ò sì lè dúró.

Ẹ̀rọ tí mo fọwọ́ ara mi tò, tí mo ní á máa ṣọ́ ooru àpótí ìyanja oníná yẹn, ti já mi kulẹ̀. Swíìṣì inú ẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, kò já iná mọ́ bó ti wù kó gbóná tó. Gbogbo ẹja ìsàlẹ̀ ti di èédú. Ọ̀la mà ni àdúà ogójì ọjọ́ Baba!

Mo ti pa iná àpótí náà. Mò ń sáré lọ gba swíìṣì mìíràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ní Ẹ̀sà-Òkè, ṣùgbọ́n ẹja tó kù á ti bàjẹ́ kí n tó dé.

Lánàá tẹ́ ẹ na ọwọ́ sójú ihò èéfín, tẹ́ ẹ ní, "Jibril, ó ti gbóná jù," ẹ̀rín ni mo fi yín rín. Mo tún ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àga tì í, kẹ́ ẹ tan iná. Tọ́wọ́ yín ò bá gba ooru ẹ̀ mọ́, ẹ pa á. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ tún un tàn. Ẹ má kúrò níbẹ̀.

Torí kí ọwọ́ yẹn lè sinmi ni mo ṣe ṣe ẹ̀rọ náà, Màámi. Ní báyìí, ọwọ́ yín yẹn nìkan ló kù tí mo gbọ́kàn lé.

Jibril