Nígbà Tí N Kò Mọ̀ Bóyá Éésì Ọkọ̀ Wà ní Títàn

Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ilé Aránṣọ,
Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé,
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ náà ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tó máa ń wọ bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ káàkiri ilé? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá yín, ṣé ó ti fúyẹ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Bí o bá gbọ́ pé a sun ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, má jẹ̀ẹ́ kí àyà rẹ já. Jókòó, kí n rò ó fún ọ.

O kọ̀wé pé ọkọ rẹ fẹ́ ra ọkọ̀ fún ọ. Mo bá ọ yọ̀ o! Àmọ́ kí ẹ tó sanwó, ní kí ẹni tó ń tà á fi hàn ọ́ bí èèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá éésì rẹ̀ wà ní títàn tàbí ní pípa. Má rẹ́rìn-ín. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi tí o ń wò yìí, láti ìgbà òjò tó kọjá ni mo ti ń wa ọkọ̀ wa, n kò mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ àlòkù ni, iná kékeré tó yẹ kó tàn lára bọ́tìnnì éésì ti kú kí a tó rà á. Bí atẹ́gùn bá ṣáà ti ń fẹ́ sí mi lójú, mo gbà pé éésì ni. Ọkọ mi a ní fáànù lásán ni mò ń gbádùn.

Lọ́jọ́ náà, mò ń gbé ìyá ọkọ mi lọ gba awò ojú wọn tuntun. Oòrùn mú bí iná. Mo tẹ bọ́tìnnì, a gbéra. A ò tíì rìn jìnnà tí Màmá fi ní, "Ìyàwó mi, pa nǹkan yìí, òtútù ń mú mi." Mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n tún ní, "Mo ní kí o pa á."

"Mo ti pa á, Màmá."

"Kí ló wá ń mú mi gbọ̀n? Àbí o fẹ́ fi òtútù lé mi kúrò nílé ọmọ mi ni?"

Wọ́n fi ẹ̀rín sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀rín ìyá ọkọ, èèyàn kì í gba gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀rín. Ojora mú mi. Mo ń tẹ bọ́tìnnì yẹn, mo tún ń tẹ̀ ẹ́, títí n kò fi mọ èyí tí mo tàn mọ́ àti èyí tí mo pa. Aṣọ ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn nítorí òógùn, Màmá sì ń káwọ́ mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ara ta ni kí n gbà gbọ́?

Mo dúró níwájú ilé àwọn onípákó kan. Mo ti gbọ́ rí pé éésì tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń kán omi sílẹ̀, mo bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Ilẹ̀ gbẹ. Ṣé pípa ló wà ni, àbí omi rẹ̀ ló tán? Mo pe ọkọ mi níbi iṣẹ́.

Ó ní, "Dín fáànù kù, kí o fetí sí ẹ́ńjìnnì. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ tó bá tàn, wàá gbọ́ 'kà', ẹ́ńjìnnì á mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbẹ́rù lé lórí. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ á tutù."

Mo tẹ̀ ẹ́. Kà! Ẹ́ńjìnnì mí kanlẹ̀. Atẹ́gùn tutù jáde bí ìgbà tí èèyàn ṣí fíríìjì. Áà! Pípa ló wà tẹ́lẹ̀. Kí ló wá ń mú Màmá gbọ̀n nínú oòrùn yìí?

Mo pa á kíá, mo gbé ọwọ́ lé wọn níwájú orí. Ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń lọ aṣọ oníbàárà. Wọ́n wò mí, wọ́n fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí.

N kò dé ibi awò ojú mọ́. Ilé ìwòsàn ni mo forí lé. Nọ́ọ̀sì bi mí ìgbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo rí sọ ò ju, "Mo rò pé éésì ni." Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Dókítà ní ibà náà ti wọra gan-an, pé ká ní mo gbé wọn padà sílé kí wọ́n lọ sinmi ni, ọ̀rọ̀ ì bá bẹ́yìn yọ.

Nígbà tí Màmá lajú, ọkọ mi ti dé láti ibi iṣẹ́, ó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé òun ni wọ́n máa pè, mo fẹ́ yẹra. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, o ti jẹun?"

Ẹlẹ́rìn-ín, mo bú sẹ́kún. Ọkọ mi ń bi mí pé kí ló dé. Títí di òní, mi ò mọ̀.

Màmá ti wà nílé báyìí, wọ́n ń bá àwọn oníbàárà mi tàkúrọ̀sọ. Bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, kí o fẹnu ko awọ-bàtà-ẹ̀gbọ́n yẹn lẹ́nu fún mi.

Èmi náà ni, tìrẹ tọkàntọkàn,
Abẹ́rẹ́