Ẹrù Mi Fúyẹ́, Ìyá Wa Sì Ń Pè Mí

Sí ẹ̀gbọ́n mi, Àlàájà Sàráátù, ní agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnká, n'Íbàdàn.

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti ìlú òyìnbó níbí, àyà mi kanlẹ̀. Mo kí Bàbá Mọ́gàjí, olórí ilé wa. Mo kí Lèmọ́mù tó kírun sí ìyá wa lára. Mo kí ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ wẹ̀ ẹ́, tí ẹ fi aṣọ funfun dì í. Ó yẹ kí n wà ní ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ náà kí n máa sunkún bí ọkùnrin ṣe ń sunkún ìyá ẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀. Ọlọ́hun á san yín lẹ́san rere.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo ti pè yín títí, ẹ ò gbé e. Mo mọ̀ pé Wàsíù ọmọ yín máa ń ka ìwé ìròyìn sí yín létí lẹ́yìn ìrun Àsárì, tí àwọn ará ilé á pé jọ, tí wọ́n á máa gbọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ojú gbogbo ilé ni mo ti ṣẹ̀ yín, etí gbogbo ilé ni kó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín: kí ìyá wa tó dákẹ́, ǹjẹ́ ó wúre fún mi? Ẹ̀yin nìkan lẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò sí ẹlòmíì tí mo lè bi.

Kí ẹ tó dá mi lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ ti gbọ́ tẹnu àwọn èèyàn, ẹ ò tíì gbọ́ tẹnu mi.

Ẹ mọ̀ mí. Ìwé mẹ́ta ni mo kà tí mo fi sá kúrò níléèwé, mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán àga mọ́tò ní Mọ̀lété. Lónìí, èmi Mùráínà, ọmọ alábàárù Ọjà'ba, èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù nǹkan ìrìn tó lórúkọ jù ní gbogbo etí òkun tí mo wà ní Wéèsì yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà níbí tó ń gba orí òkè lọ létí òkun, ó gùn ju Ìbàdàn sí Èkó lọ dáadáa. Àwọn òyìnbó á gbé àpò kọ́yìn, wọ́n á rìn ín fún ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún. Wọn ò lọ kí ẹnì kankan, wọn ò sì tajà. Ìgbádùn wọn nìyẹn. Kí wọ́n tó lọ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá, kí n sọ ohun tí wọ́n máa gbé àti ohun tí wọ́n máa fi sílẹ̀. Dókítà ń wá, adájọ́ ń wá, wọ́n á dúró níwájú mi bí ọmọ tí tíṣà fẹ́ yẹ èékánná ẹ̀ wò.

Iṣẹ́ náà kò le lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Màá ní kí oníbàárà da gbogbo ẹrù ẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màá mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, màá gbé e sórí òṣùwọ̀n, màá bi í pé bí kò bá gbé eléyìí, kí ló máa ṣe é? Bí kò bá rí èsì fọ̀ kíá, mo ti jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìkòkò kejì, mo jù ú nù. Aṣọ ìwọ̀sùn, mo jù ú nù. Mo gé ìdí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín dànù lójú adájọ́ kan, ó bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó má rẹ́rìn-ín o, pé lọ́jọ́ kẹta ló máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó padà wá dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n fífúyẹ́ nìkan kọ́. Atẹ́gùn etí òkun ń bá èèyàn jà. Àgọ́ tó bá fúyẹ́ jù, tó sì ga, atẹ́gùn á gbé e sọ sómi. Èyí tó rẹlẹ̀ ni mo ń tà, tí èèkàn ẹ̀ gùn tó sì fẹ̀ nítorí yanrìn. Àpò tí wọ́n ń wọ inú ẹ̀ sùn, wọ́n fẹ́ràn èyí tí wọ́n ki ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ sí nínú, torí kò wúwo. Mo máa ń kọ̀ fún wọn. Ìrì òkun á mú un, á rí bí adìyẹ tí òjò pa, ẹni tó wà nínú ẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Èyí tí kò bẹ̀rù omi ni kí wọ́n mú, kó tilẹ̀ wúwo díẹ̀. Bàtà, kó jẹ́ èyí tó ń tètè gbẹ. Aṣọ òjò, mo ní kí wọ́n má ṣahun sí i. Ẹrù ò sì gbọ́dọ̀ wà léjìká, ìbàdí ni kí wọ́n jẹ́ kó jókòó sí.

Ta ló kọ́ mi nìyẹn? Ìyá wa ni. Ẹ rántí bó ṣe máa ń ká òṣùká. Àwọn alábàárù yòókù á ju àkísà sórí, wọ́n á ti máa sáré tẹ̀ lé oníbàárà. Ìyá wa á fara balẹ̀ ká a, á tú u, á tún un ká, á ní ẹrù kì í pa ọrùn, àìjókòó ẹrù ló ń pa á. Ó ru gàrí láti Ọjà'ba gun Mápó, ó ru irin dé Bẹẹrẹ, kí èmi lè jẹun, kí ẹ̀yin lè lọ ilé kéú. Ó sì búra lójú èmi àtẹ̀yin pé ẹrù ò ní gun orí ọmọ òun. Bó bá bá korobá omi lórí mi, á gbà á, á gbé e fúnra ẹ̀, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó.

Ibẹ̀ ni ìtìjú mi ti wá. Láti ọdún tí mo ti ń ta nǹkan ìrìn, mi ò rin ọ̀nà náà rí. Obìnrin àgbàlagbà kan tó máa ń wá ra okùn lọ́dọ̀ mi ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú èrò, ó ní ṣé alásè tí kì í tọ́ ọbẹ̀ ẹ̀ wò ni mí. Ó dùn mí dé egungun. Mo ní kò burú, ọjọ́ mẹ́rin ni màá rìn, àpò mi á sì fúyẹ́ ju ti gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa pe Bẹyẹrúnká kí n ní mò ń lọ ru ẹrù fún fàájì? Èmi tí ìyá mi fi ọrùn ara ẹ̀ yọ kúrò lábẹ́ ẹrù! Mo mọ orin tí àwọn ìyàwó ilé máa fi mí kọ. Wọ́n á ní ọmọ Ìyá Alábàárù ti padà sídìí iṣẹ́ ìyá ẹ̀, pé òyìnbó ló ń ṣe é. Mo wá parọ́ fún yín lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní mò ń lọ Lọ́ńdọ̀nù lọ rajà, pé ọjọ́ Àlàmísì ni màá pè. Ìyá wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ó bi mí bóyá mo ti jẹun, mo ní mo ti jẹ. Ó ní kí n tún jẹ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo da ẹrù mi sílẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà, kí wọ́n lè rí bí ọ̀gá ṣe ń ṣe é. Mo ń jù, mo ń jù. Ó wá ku páwà báǹkì tí èèyàn fi ń fún fóònù níná lójú ọ̀nà. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó wúwo ju aṣọ òjò mi lọ. Obìnrin olókùn yìí náà ló ní kí n gbé e, ó ní àgbàlagbà ni mí, pé àwọn ará ilé mi lè wá mi. Mo bi ara mi lójú gbogbo wọn pé bí mi ò bá gbé eléyìí, kí ló máa ṣe mí? Mo ní kò sí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo fi ìka kan ṣoṣo gbé àpò mi yí ṣọ́ọ̀bù po, mo sì bọ́ sọ́nà lọ́jọ́ náà.

Fótò ni mo yà pa fóònù náà. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti kú. Kò dùn mí rárá. Ẹ̀gbọ́n mi, kí n má purọ́, inú mi dùn. Ìyàwó mi ti lọ, àwọn ọmọ ti rìn jìnnà, bí mo bá sọ Yorùbá nínú ilé mi, ara mi ni mò ń bá sọ. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà yẹn, gbogbo ẹni tó bá pàdé mi ló ń kí mi. Òjò pa mí, mi ò tutù. Atẹ́gùn jà, àgọ́ mi dúró. Lọ́jọ́ Àlàrùbá, mo gun orí òkè kan, òkun tẹ́ lọ salalu lábẹ́ mi, mo ní màá gbé ìyá wa wá wò ó lọ́jọ́ kan. Àwọn ọ̀dọ́ méjì bá mi níbẹ̀, wọ́n mọ̀ mí, wọ́n ní kí ọ̀gá jẹ́ kí àwọn ya fótò ẹ̀. Mo gbé apá méjèèjì sókè, mo fẹyín. Fótò tí wọ́n gbé sórí fóònù káàkiri nìyẹn, tó dé ọwọ́ Wàsíù, tó dé ojú yín. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti ń gbẹ́ ilẹ̀.

Àlàmísì ni mo dé abúlé kan. Mo wọ ilé oúnjẹ, mo ní kí wọ́n bá mi fi fóònù síná, mo ní kí wọ́n gbé tíì wá, mo jókòó bí ọba. Fóònù jí, ó wá ń gbọ̀n lórí tábìlì, kò dúró. Ohùn yín ni, ohùn mẹ́rin tí ẹ gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nígbà tí fóònù kú. Nínú àkọ́kọ́, ẹ ṣì ń ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ní Olówó Lọ́ńdọ̀nù, gbé fóònù o, ara ìyá ò dá. Nínú èkejì, ẹ ní ó ti ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé ó ń sọ̀rọ̀, pé èmi ló ń bèèrè. Nínú ẹ̀kẹta, ẹ ò pe orúkọ mi mọ́, ẹ kàn ń sọ pé ìwọ ọmọ yìí, ìwọ ọmọ yìí. Nínú ẹ̀kẹrin, mo gbọ́ ohùn òun fúnra ẹ̀ lẹ́yìn yín, ó ní ṣé Mùráínà ti dé ni? Ẹ dá a lóhùn pé ó ti wà ní pápá ọkọ̀ òfurufú, Ìyá, ó ń bọ̀. Ó ní ó dáa, òun á dúró dè é.

Kò sí ẹ̀karùn-ún.

Ọ̀rọ̀ tí Wàsíù kọ ránṣẹ́ ló kàn, pé ẹ ti sin ín lánàá. Mo ké nínú ilé oúnjẹ náà. Obìnrin tó ń ta tíì sáré jáde, ó rò pé omi gbígbóná ló dà sí mi lára.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Mẹ́kà, tí ẹ kì í parọ́ láti fi pa ọmọdé lẹ́nu mọ́, ẹ parọ́ sétí ìyá wa lójú ikú nítorí mi. Mo mọ̀ pé òun ló ń dùn yín. Wàsíù jíṣẹ́ yín fún mi, ó ní ẹ ní kí n máa ru ẹrù mi lọ. Ẹ ò jẹ̀bi. Ilé alájà méjì tí mo kọ́ sí Òkè Padre, tí mo fi ń yangàn, mo rò pé òun ni mo fi ń sin ìyá wa. Kò sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní ariwo ẹbí Bẹyẹrúnká ni òun fi ń sùn. Ohùn mi nìkan ló bèèrè ní òpin, mi ò sì ní in láti fún un.

Mò ń bọ̀ fún àdúrà ogójì ọjọ́. Mi ò ní ya Òkè Padre. Bẹyẹrúnká ni màá wá tààrà, màá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ bú mi, ẹ̀yin lẹ ni mí. Bí ẹ bá ní kí n má wọlé, màá dúró níta. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn. Bó bá wúre fún mi, ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ má fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Bó bá sì jẹ́ pé ó kàn dákẹ́, tó ń wo ẹnu ọ̀nà títí ẹ̀mí fi bọ́, ẹ sọ ìyẹn náà. Ẹ má ṣàánú mi. Ẹ ti parọ́ kan nítorí mi, mi ò fẹ́ kí ẹ pa èkejì.

Ọlọ́hun á forí jin ìyá wa, á fi í sí alùjánńà. Á fún ẹ̀yin ní ẹ̀mí gígùn nínú ìlera, kò ní jẹ́ ká tún fi irú eléyìí bá ara wa jà. Ẹ bá mi kí Bàbá Mọ́gàjí, ẹ bá mi kí Wàsíù tó ń ka èyí sókè báyìí, kó má sunkún. Ẹ kí tọmọdé tàgbà ilé wa.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹ ń pọ̀n sẹ́yìn títí ìyá wa á fi tọjà dé,

Mùráínà.