Táńkì Amọ̀ Funfun àti Àgbò Ìránṣẹ́

Èmi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Ẹfun, opó ọ̀gá ayẹjàwò ilé iṣẹ́ ìwé, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ẹni tó bá ní kò pé, kó tètè wá bi mí ní ìbéèrè. Èmi náà ti ń bi ara mi tipẹ́: báwo ni ènìyàn ṣe ń fi ilẹ̀ tó bá láyé ṣe ogún? N kò tíì rí ìdáhùn nínú ìwé kankan. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin, aránṣọ, ni yóò mú ìwé yìí ṣẹ.

1. Ilé tí mò ń gbé jẹ́ ti àwọn ọmọ mi méjèèjì. Kí ẹ má kó amọ̀ sí yàrá tí bàbá yín ti máa ń kàwé.

Òun ló kọ́kọ́ dá ọkọ̀ amọ̀ mi padà nílé iṣẹ́ wọn, níbi tí wọ́n ti ń fi amọ̀ mú kí ìwé dán. Ó bù ú sẹ́nu, ó fi eyín rún un, ó ní, "Iyanrìn wà nínú ẹ̀, màdáámù. Ìwé wa ò ní dán." Mo fi ìbínú tún un sẹ́, mo gbé e padà, mo sì dúró tì í kó tọ́ ọ wò. Ó ní ó dùn. Amọ̀ kì í dùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan mìíràn ni ọkùnrin yìí ń wá.

2. Ààrò ńlá tí a fi ń sun àwo jẹ́ ti àkọ́bí mi obìnrin. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ amọ̀ àti gbogbo àgbá jẹ́ ti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń po ọ̀dà. Ọ̀dà rẹ̀ wà lára ògiri gbogbo ilé òpópónà yìí, àfi ilé tirẹ̀.

3. Táńkì sìmẹ́ńtì gígùn tí a ti ń fọ amọ̀. Ọ̀ràn dé. Ẹ fẹ́ mọ ògiri sí i láàárín kí kálukú mú tirẹ̀. Ẹ rántí bó ṣe ń ṣiṣẹ́: omi ń gbé amọ̀ gba ẹnu rẹ̀ wọlé, iyanrìn á rì síbẹ̀, èyí tó kúnná á bá omi lọ títí dé ìdí. Ẹni tó bá gba ẹnu, iyanrìn ni yóò máa kó. Ẹni tó bá gba ìdí, omi kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà n kò pín in; ẹ jọ ni ín. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá gbé búlọ́ọ̀kù kan sínú rẹ̀, ó di ti aránṣọ, tó ti ní ẹja lòun máa fi sìn. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣàwàdà.

4. Àgbò tí mo so sétí táńkì. Láti ìgbà ọ̀rọ̀ ògiri ni ẹ kò ti bá ara yín sọ̀rọ̀ mọ́, òun ni ẹ sọ di ìránṣẹ́. Etí mi ló gbọ́ ọ lẹ́nu àkọ́bí: "Àgbò, sọ fún ẹni tó wà níwájú ẹ pé kó gbẹ́sẹ̀ kúrò nínú amọ̀ mi." Àbúrò rẹ̀ fèsì: "Àgbò, bá mi bi wọ́n pé ṣé àwọn nìkan ni ìyá wa bí." Nínú ìjà náà, ó ṣì ń bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn ni mo dì mú. Mo fi àgbò fún awakọ̀ tó ń bá wa kó amọ̀.

Àfikún: Kí ni mo ń dúró de ikú fún? Awakọ̀ ti gbé àgbò lọ láàárọ̀ yìí. Bí mo ṣe ń wá bírò láti fọwọ́ sí ìwé yìí ni mo gbọ́ ohùn àkọ́bí mi létí táńkì: "Àgbò dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi lẹ ń bi?"

"Ta ló tún kù níbí? Gbá ọkọ́ yẹn mú, jàre."

Mo fọwọ́ sí i: Ìyá Ẹfun. Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì ọdún yìí.

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí a jọ gbọ́ ọ lójú fèrèsé: apoògùn ìkóríta, tó ń fi amọ̀ wa ṣe oògùn inú rírun, àti olùkọ́ tó kọjú sí ilé wa, tó ní kí n má tíì kú.