Bí Mo Ṣe Dákẹ́ Tí Bàbá Àkànjí Fi Rò Pé Mo Bínú

Ẹ kú ilé o, ìyá mi Àlàájà, ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹnu kan oúnjẹ àárọ̀ kí ẹ tó yọjú sí gbogbo ojúlé agbo ilé. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ṣikágò níbí, lórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá mi ní Edgewater. Mo kí bàbá mi, mo rò pé ojú tó ń dùn wọ́n ti ń sàn. Mo kí Músílíù àbúrò mi, mo sì kí ìyàwó rẹ̀ kú ọwọ́ lómi. Ẹni tí mo dárúkọ àti ẹni tí mo gbàgbé, gbogbo yín ni mo kí.

Ẹ bi mí nínú lẹ́tà yín bóyá iṣẹ́ mi dúró dáadáa, nítorí ẹnì kan tó ti ibí bọ̀ sọ fún yín pé mo ti rù. N kò fẹ́ parọ́ fún yín. Mo ti rù lóòótọ́, ẹ̀rù ló sì mú mi rù, kì í ṣe ebi. Lọ́la, ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọ̀gá mi, dókítà tí mo ń bá ṣiṣẹ́, fẹ́ rí mi ní aago mẹ́ta. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, n kò mọ̀ bóyá màá ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí aago mẹ́rin bá lù. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó ti ṣe mí lóore. Òun ló ń bá mi fọwọ́ sí ìwé ìgbélùú mi. Bí iṣẹ́ bá lọ, ìwé náà lọ nìyẹn.

Ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí nílé, ṣùgbọ́n títí màá fi yege ìdánwò tiwọn níbí, ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí. Èmi ni mò ń gbé fóònù, èmi ni mò ń wá káàdì aláìsàn, èmi náà ni mò ń sọ fún èèyàn pé kó bọ́ kóòtù. Kíliníìkì náà kò tóbi. Dókítà kan, nọ́ọ̀sì kan, èmi, àti yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ kan. Ọmọ ilẹ̀ wa pọ̀ nínú àwọn tó ń wá, àwọn ará Kúbà àti Pọtoríkò náà sì ń wá.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ẹni tó bá wá ló ń sanwó. O wá, dókítà yẹ̀ ọ́ wò, o san tìrẹ, ó parí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, ọ̀gá mi á ní kó fi èyí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ní tèmi, bí ẹ ṣe tọ́ mi, tí n kò bá ti rí ẹnì kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, màá pè é lórí fóònù. Màá ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣé àlàáfíà ni, ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ọmọ ti gbádùn? Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n á ti dé. Ọ̀gá mi máa ń rẹ́rìn-ín pé ẹnu mi ló ń san owó ilé kíliníìkì.

Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ tí àwọn aláìsàn wa ń bá ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó òṣìṣẹ́ wọn sábẹ́ ìnṣọ́ránsì tuntun kan. Bí orúkọ dókítà kò bá sí nínú ìwé wọn, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá dókítà mìíràn lọ. Ọ̀gá mi rò ó títí, ó fọwọ́ sí i, nítorí àga tó ń ṣófo ti pọ̀ jù. Àlàájà, bí wọ́n ṣe ń san owó náà nìyí. Oṣooṣù ni ìnṣọ́ránsì ń fún dókítà ní iye kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, ì báà wá, ì báà má wá. Nínú owó yẹn náà ni dókítà ti máa san owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, òun náà ló sì máa fi san ti dókítà àgbà tó bá fi aláìsàn ránṣẹ́ sí. Ẹni tó jókòó sílé, èrè ni. Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù, òfò ni.

Inú wa dùn ní ìbẹ̀rẹ̀, torí owó ń wọlé déédéé. Lẹ́yìn náà ni òtútù dé. Atẹ́gùn tó ń ti orí omi ńlá ẹ̀gbẹ́ wa wá, kò sí kóòtù tí kò mọ ọ̀nà gbà wọ̀. Gbogbo èèyàn ń wúkọ́, gbogbo èèyàn ń wá. Ìnṣọ́ránsì rán ọkùnrin kan wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ní àwọn aláìsàn wa ń wá ju ti àwọn dókítà tó kù lọ. Ọ̀gá mi wá ìdí ọ̀rọ̀ náà títí, ó sì kàn mí. Ó pè mí wọlé, kò wo ojú mi, ó kàn ń ká aṣọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ó ní kí n má pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá yóò fúnra rẹ̀ pè wá. Ó ní bí a bá ń bá a lọ báyìí, òun á ti kíliníìkì náà pa kí ooru tó dé. Mo ní mo ti gbọ́, sà.

Mo dákẹ́ lóòótọ́. Àṣé èmi gan-an ni àwọn ìpè yẹn ń bá gbé. Ìgbà tí n kò pe èèyàn mọ́ ni mo mọ bí mo ṣe dá wà tó ní ìlú yìí. Ìyá kan tó jẹ́ ará Pọtoríkò gbé ìrẹsì wá fún mi, ó ní òun gbọ́ pé èèyàn mi kú. Mo ní ẹnikẹ́ni kò kú. Obìnrin ilé wa kan bi mí ní tààràtà pé kí ni òun fi ṣẹ̀ mí. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni mo pa.

Ẹnì kan wà tí màá pè ní Bàbá Àkànjí, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ irin kan ní Aurora ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin ju wákàtí kan lọ wá sọ́dọ̀ wa, torí ó ní Yorùbá lòun fẹ́ fi ṣàlàyé àìsàn òun. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí oògùn rẹ̀ bá ti ń ku díẹ̀, èmi ni mò ń pè é. “Ìyàwó mi” ló máa ń pè mí, á ní ohùn mi korò ju oògùn lọ. Láti ìgbà tí mo ti dákẹ́, n kò rí i mọ́. Oṣù kìíní, mo ní yóò pè. Oṣù kejì, àràárọ̀ ni mò ń fa káàdì rẹ̀ yọ, màá wò ó, màá dá a padà. Bí èèyàn bá pe Aurora láti kíliníìkì, ó máa ń jáde lọ́tọ̀ nínú bíìlì fóònù, ọ̀gá mi sì máa ń ka bíìlì. Ẹ ó ní ṣé n kò ní fóònù nílé ni. Mo ní in. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ìwé ìgbélùú mi ni mo rò, mo bá káwọ́ gbera.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé tó kọjá, n kò lè jẹun. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin, mo lọ sí Aurora. Bàbá Àkànjí fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, Alihamudulilahi, ṣùgbọ́n kò ní kí n wọlé. Ó bi mí bóyá mo ti bínú tán. Mo ní irú ìbínú wo? Ó ní láti ìgbà tí n kò ti pe òun mọ́ lòun ti ń yẹ ara òun wò, òun sì ti rántí pé nígbà tí òun wá kẹ́yìn, òun sọ pé mo ti ń sanra. Ó ní òun mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Òun kò lè wá jókòó síwájú obìnrin tó ń bá òun yodì, ó ní òun náà ní ìtìjú. Oògùn rẹ̀ ti tán tipẹ́.

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, lórí yìnyín ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sanwó fún dókítà báyìí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ṣé lóòótọ́ ni dókítà ń gba owó lórí òun lóṣooṣù, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bí òun bá kú ńkọ́, mo ní owó yẹn á dúró. Ó ní á jẹ́ pé dókítà fúnra rẹ̀ ló yẹ kó máa pe òun. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ mi mú, kò lè dì í.

Aládùúgbò rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé wa lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ti mú un díẹ̀, wọ́n sì dá a dúró. Wọ́n ní ọwọ́ náà lè padà, ó sì lè má padà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọsibítù ti pe ọ̀gá mi, ó béèrè bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n wá rí òun lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, aago mẹ́ta. Kò pariwo. Ì bá dára kó pariwo mọ́ mi.

Àlàájà, ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Síbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè yẹn ni mo ti ń fi fóònù ilé mi pe gbogbo wọn. N kò mú káàdì ẹnikẹ́ni kúrò níbẹ̀, orí mi ni orúkọ wọn wà. Lọ́la, màá sọ fún ọ̀gá mi kó tó bi mí. Àwọn kan ti kó kúrò nílé, fóònù àwọn mìíràn kò lọ mọ́, nítorí wọn ni mo ṣe ní kí ẹ̀dà lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ara yín, n kò bá ẹnikẹ́ni yodì. Ẹ lọ gba oògùn yín.

Owó tó wà nínú ìwé yìí, ẹ má tíì fi ra páànù. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín ná, n kò mọ ìgbà tí òmíràn máa dé. Mo fẹ́ ní kí ẹ ṣàdúà fún mi ní aago mẹ́ta ọ̀la, mo wá rántí pé kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ yín, ọ̀rọ̀ náà á ti yanjú, bóyá sí rere, bóyá sí òdì. Ẹ ṣá ṣe é.

Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín, ẹ̀yin àti bàbá mi. Á wo Bàbá Àkànjí sàn. Á jẹ́ ká fojú kan ara wa láìpẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, ojúlé kan kò gbọdọ̀ yọ sílẹ̀. Bí ẹ bá wá ń retí ìwé mi tí ẹ kò rí i fún ìgbà pípẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó máa ro ohun tí ẹ fi ṣẹ̀ mí. Ẹ kò ṣẹ̀ mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràmọ́tà