Yìgì Tí A So fún Ẹni Tó Wà Nínú Aṣálẹ̀

Ẹ̀yìn Ọjà Obì,
Agége.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Èrèlé, 1956.

Àbẹ̀kẹ́ tí a jọ dàgbà,

Yẹmí, tíṣà tó ń gbé yàrá iwájú, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ní bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́. Ṣé ara rẹ le? Ẹsẹ̀ tó ń dun ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ọyẹ́ Kánò ò pọ̀ jù? Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, ìwọ lo sì fà á.

Nígbà tí mo rán Nùréènì, ọmọ ọmọ mi, sí ọ, obì ni mo ní kó wá máa tà. Ìgbàkígbà tí mo bá béèrè rẹ̀, o ní ó wà lọ́jà. Nígbà tí ará ilé Fàúsát, ọmọ tí mo tọrọ fún un, ní àwọn ò lè dúró mọ́, o ránṣẹ́ pé Nùréènì ní kí a so yìgì náà lẹ́yìn òun. Mo gbà ọ́ gbọ́. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló jókòó síwájú àwọn àlùfáà dípò rẹ̀. Fàúsát ti wà nílé mi láti ìgbà náà, ó ń bá mi pààrọ̀ ewé obì.

Lánàá, Ádámù tó máa ń ra obì lọ́wọ́ mi ti òkè Kátísínà dé. Ó ní inú aṣálẹ̀ lòun ti rí Nùréènì, ó dojú bolẹ̀ lórí iyanrìn, ó ń ṣọ́ ihò eku. Òyìnbó kan ló ń kọ́ ọ bí igi àti ẹranko ṣe ń gbé níbi tí òjò ò sí. Nùréènì sọ fún un pé eku náà kì í mu omi, hóró koríko ló ń jẹ, ó sì ń dí ẹnu ihò rẹ̀ lọ́sàn-án kí ọ̀rinrin má baà jáde. Ó ní bí Màmá ṣe ń fi ewé bo obì gan-an ni. Ìyẹn ò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ádámù wá kí i kú ìyàwó. Ó ní ọmọ náà gbójú sókè, ó bi òun pé, "Ìyàwó ta ni?" Ádámù rò pé ó ń ṣeré ni, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àbẹ̀kẹ́, o mọ ibi tó wà. O ò sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ yìgì náà rí. Ká ní o sọ fún mi pé eku ló fẹ́ máa ṣọ́, ǹ bá bú u, ǹ bá sì fi í sílẹ̀. Ǹ bá má ti so ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ọn lọ́rùn.

Ní àárọ̀ yìí, Fàúsát bi mí bóyá ọkọ òun máa ń jẹ gbẹ̀gìrì. Mo ní kó lọ pọn omi.

Kí ọkọ rẹ fún mi, òun ò ṣẹ̀ mí. Ádámù ni yóò máa ta obì mi níbẹ̀ dípò rẹ láti ìsinsìnyí.

Nùréènì ni kó o kọ́kọ́ sọ fún. Má rán ẹnikẹ́ni. Wọ ọkọ̀ lọ, níbi tí ọkọ̀ bá pin sí, gun ràkúnmí, kó o fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé o ti fún un níyàwó. Kí òun náà wá sílé wá sọ fún Fàúsát, ì báà fẹ́ ẹ, ì báà má fẹ́ ẹ. Fàúsát ò tí ì gbọ́, kò sì ní gbọ́ lẹ́nu mi.

Èmi ni, ẹni tó gbà ọ́ gbọ́,
Sùlíyá